Ìwé Tí Bàbá Fi Ọwọ́ Òsì Kọ

Àárín èrò ni ojú ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin kan ti ṣe mẹ́rin. Gbọ̀ngàn báǹkì kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, oníkálukú di àpòòwé tirẹ̀ mọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà kan ń pariwo pé, "Ẹ má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́ o! Báǹkì fẹ́ gba ilé mi, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gba ẹsẹ̀ ni?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà gbójú sókè láti rẹ́rìn-ín, àfi bí ojú rẹ̀ ṣe ko ti ọmọkùnrin onítáì búlúù tó ń gba ìwé lẹ́yìn káńtà. Ẹ̀rín tí ọmọkùnrin náà rín sí i mọ́ bí òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò.

Ẹyinjú ni bàbá ọmọbìnrin náà ń pè é, nítorí òun nìkan ló bí. Káfíńtà ni bàbá náà. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé wọn, ilé tó fi owó tó yá ní báǹkì kọ́. Láti ìgbà tó ti já bọ́ láti orí òrùlé oníbàárà kan, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán, kò rí owó oṣooṣù san mọ́. Báǹkì wá kéde pé ẹni tó bá mú ìwé ẹ̀bẹ̀ wá kí ọjọ́ Ẹtì yẹn tó parí, wọn á dín owó rẹ̀ kù títí ara rẹ̀ á fi mókun. Ẹni tí kò bá mú un wá, wọn á gbẹ́sẹ̀ lé ilé rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni bàbá fi kọ tirẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wọ́ síbí, ó wọ́ sọ́hùn-ún, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi. Ọ̀tún ni kò sí."

"Fi lé wọn lọ́wọ́ fúnra rẹ, Ẹyinjú," ló sọ láàárọ̀ yẹn. "Ojú ló ń rójú ṣàánú."

Ojú rójú lóòótọ́. Nígbà tó kàn án, ọmọkùnrin náà tún rẹ́rìn-ín.

"Arẹwà, káàbọ̀. Ìwọ kọ́ ni báǹkì fẹ́ lé nílé, àbí?"

Eré ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n ìtìjú bo ọmọbìnrin náà. Ṣé iwájú ẹni tó rẹ́rìn-ín sí òun báyìí ni òun á ti jẹ́wọ́ pé ọmọ onígbèsè ni òun? Ó rọra ti àpòòwé bọ inú báàgì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Rárá o! Àkáǹtì ni mo fẹ́ ṣí."

Ó rò ó lọ́kàn pé bí ọmọkùnrin yìí bá lọ jẹun, òun á fún òṣìṣẹ́ mìíràn ní ìwé náà. Ọmọkùnrin náà ò lọ. Ó ń bá a dápàárá, ó ń bi í ní orin tó fẹ́ràn, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn báǹkì.

"Ṣé wọ́n gbà á?" ni bàbá bi í nílé.

"Wọ́n gbà á, Bàbá."

Irọ́ yẹn wá di oúnjẹ bàbá. Ó ń fi ọwọ́ òsì kun fèrèsé, ó ń súfèé. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wá sọ pé yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ òun, kí wọ́n tètè kó wá kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn. "Kí ni mo fẹ́ fi yàrá kan ṣe? Ìwé wa ti wà níwájú wọn." Lójoojúmọ́ ni Ẹyinjú ń fẹ́ sọ òtítọ́, lójoojúmọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń wúwo.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ báǹkì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan mú ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo sọ̀ kalẹ̀, èkejì gbé agolo ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí ilé tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹnìkẹta ni onítáì búlúù. Ojú òun àti Ẹyinjú tún ṣe mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ilé... ilé yín nìyí?"

Bàbá ti sáré dé, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti ṣi ilé o. A ti kọ̀wé!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìwé yín ò dé ọ̀dọ̀ wa. Gbogbo ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n fún láyè, títí kan ìyá àgbà tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́sẹ̀." Ọmọkùnrin náà yíjú sí Ẹyinjú. "Irú ìwé yẹn ló gba ilé ìyá tèmi sílẹ̀. Ṣé o rò pé màá fi ọ́ ṣẹ̀sín ni?"

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Ẹyinjú, sọ fún wọn. Ṣebí ìwọ lo mú un lọ?"

Ẹyinjú wọ yàrá lọ, ó tú báàgì, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ló ti yé e pé gbèsè bàbá òun kì í ṣe ẹ̀sín rárá. Ẹni tó fi ìṣòro pamọ́ nítorí ìtìjú, oògùn ló fi pamọ́ fún aláìsàn. Irọ́ tí a sì pa kí àlejò lè fẹ́ràn wa, ẹni tiwa ló ń bá wa jìyà rẹ̀.

Nígbà tó mú àpòòwé náà jáde, ọmọkùnrin náà na ọwọ́ bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn káńtà, ó sì tún fà á padà. Ọjọ́ tí báǹkì dá ti kọjá. Lẹ́yìn wọn, ọ̀dà pupa ti ń ṣàn lára ilẹ̀kùn tí bàbá fúnra rẹ̀ fá títí tó fi ń dán. Ẹyinjú kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé náà sí bàbá rẹ̀.

Bàbá wo àpòòwé tí ẹnì kankan ò ṣí. Kò bú u. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á.