Ẹ̀wù Rírọ̀ Tí Aránṣọ Rán fún Afínjú

Ẹni tó bá gba iwájú ìsọ̀ aránṣọ yìí kọjá nígbà náà, ariwo maṣíìnì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín ni yóò tẹ̀ lé e. Obìnrin náà ń ránṣọ ní yàrá iwájú. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ pẹ́ńtà, ń kun ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí àgbá ní ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu lòun fi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni àbúrò ọkọ yìí. Orí rẹ̀ kì í ṣàì dán, ṣòkòtò rẹ̀ kì í ṣàì ní ojú áyọ́ọ̀nù. Ìdí nìyí tí aránṣọ fi sọ ọ́ ní Afínjú nígbà tó dé ilé wọn bí ìyàwó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ogún bàbá wọn ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ pákó kékeré onígbòkun kan ni, irú èyí tí àwọn àgbà káfíńtà ń fi ọwọ́ kàn kí ọkọ̀ oníke tó gbòde. Ó ti pẹ́ lábẹ́ tapólì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wá pinnu pé àwọn yóò gbé e padà sómi, kí orúkọ bàbá àwọn má baà parẹ́ létí omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Afínjú wí, "ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń kùn ni àbí ìyàwó lẹ̀ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́?"

"Bó o bá jókòó síbẹ̀ pẹ́, màá kun ìwọ náà mọ́ ọn."

Nísàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí pákó méjì ti pàdé, pẹ́ńtà rí ibì kan tó rọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò wọlé díẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ké sí káfíńtà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá bọ́ síwájú pẹ́ńtà, ọ̀dà ni oògùn rẹ̀. Ó fi pọ́tì dí ojú ibẹ̀, ó ha á, ó kùn ún ní àkùntúnkùn títí tó fi ń dán bíi dígí.

Ìyàwó náà kò sì fẹ́ kí wọ́n fi òun sẹ́yìn. Ẹ̀wù amúniléfòó méjì wà tí bàbá wọn fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Àwọ̀ ọsàn tó pọ́n ni wọ́n, ara wọn ti ya, fèrè kékeré sì so mọ́ èjìká ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣàánú mi," ni Afínjú wí. "Mo wọ̀ ọ́ wò, àfi bí ẹni tó gbé ilẹ̀kùn kọ́rùn. Ó ń tì mí láyà. Àwọ̀ yìí náà sì ń pariwo jù."

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ta ló ní aránṣọ nílé tó tún ń wọ ilẹ̀kùn?"

Aránṣọ tú èkíní palẹ̀. Fóòmù pẹlẹbẹ tó le gbagidi ló bá nínú rẹ̀. Ó jù ú sínú ìdọ̀tí. Ó gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan, èyí tó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀, ó kì í sínú ẹ̀wù náà, ó sì fi aṣọ búlúù tó ń dán bò ó. Fèrè ń bà á lójú jẹ́, ó gé e kúrò. Lójú ẹni tó mọ aṣọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní àbùkù.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tó ń rí sí ààbò lórí omi kọjá níbẹ̀. Fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Ọ̀gá Fèrè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí fún pẹ́ńtà. "Ọkọ̀ yìí mà dàgbà. Kí ẹ tó gbé e sómi, ẹ gbé e wá sí èbúté ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kó àwọn ẹ̀wù náà wá."

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ ná."

Ọ̀dà gbẹ, wọn kò lọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ wò lára ohun tó ń dán bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ sómi, aṣọ oníbàárà kò tíì jẹ́ kí aránṣọ ráyè fọwọ́ kan ẹ̀wù kejì. Pẹ́ńtà mú èyí tó ya náà fún ara rẹ̀, ó na tuntun sí àbúrò rẹ̀.

"Gbà, ìwọ lo mọ oge ṣe."

Afínjú wọ̀ ọ́, ó yí po níwájú dígí ìsọ̀. "Ìyàwó wa, ọwọ́ yín ò ní rọ o! Ó fúyẹ́. Ó dà bí ẹni pé mi ò wọ nǹkan kan."

Inú aránṣọ dùn. "Ẹ rọra o, kí ẹja má baà tẹ̀ lé yín wálé."

Ẹ̀rín ni wọ́n bá jáde. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, àwọn kan sáré wá pe aránṣọ pé kó máa bọ̀ ní èbúté. Ó bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Aránṣọ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá wọn, Afínjú ńkọ́?"

Pẹ́ńtà kò lè gbé ojú sókè. "Afẹ́fẹ́ dé, ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ibi tí mo kùn yẹn ló ya. Omi kún un, ó dojú dé. Ó ń pè mí. Mo ń sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, pé ẹ̀wù á gbé e. Ó ní ẹ̀wù náà ló ń fa òun. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á."

Àwọn tó wá gbà wọ́n là rí pẹ́ńtà láti òkèèrè nítorí àwọ̀ ọsàn ara rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ fèrè tó ń fọn. Ẹ̀wù búlúù lórí omi búlúù, ta ni yóò rí i? Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rí òkú Afínjú. Nígbà tí wọ́n gbé e, omi ń ṣàn jáde lára ẹ̀wù rírọ̀ náà bíi kànrìnkàn tí wọ́n fún. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọ̀gá Fèrè wá kí wọn. Ó gbé ẹ̀wù búlúù náà dání nínú àpò. Kò bá ẹnikẹ́ni wí.

"Ta ló rán èyí?" ló rọra béèrè.

"Èmi ni," ni aránṣọ dáhùn. "Ẹ sọ ohun tí mo ṣe fún mi."

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ dọjọ́ mìíràn, màmá."

"Rárá, Ọ̀gá. Ẹ fi hàn mí lónìí."

Wọ́n pọn omi kún báfù. Ọ̀gá Fèrè gbé ẹ̀wù búlúù lé e, ó sì léfòó. Ojú aránṣọ là, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Wọ́n dúró. Fóòmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í mumi. Ẹ̀gbẹ́ kan tẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, ó rọra jókòó sísàlẹ̀ báfù. Ọ̀gá Fèrè gbé ẹ̀wù àtijọ́ sínú omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára. Bó ṣe gbọ́wọ́ kúrò, ó fò padà sókè.

Aránṣọ fọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ kó tù ú lára ni."

"Mo mọ̀, màmá. Fóòmù líle tí ẹ dànù yẹn kì í mumi, òun ló ń gbé ènìyàn. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì ń mumi, ó sì ń wúwo síni lára."

"Ọ̀dà mi ló kọ́kọ́ pa á," ni pẹ́ńtà wí láti igun tó wà.

"Pákó tó rọ̀, jíjẹrà ló ń jẹrà, ẹ̀gbọ́n. Ṣe ló yẹ kí káfíńtà gé e kúrò kó fi tuntun sí i. Ọ̀dà kàn bò ó lójú yín ni. Bí ẹ bá gbé e wá bá wa ni, ọ̀bẹ lásán là bá fi gún un wò."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Maṣíìnì ṣì ń dún ní ìsọ̀ náà lónìí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà. Láìpẹ́ yìí, apẹja kan gbé ẹ̀wù amúniléfòó tó ya léjìká wá, ó ní kí aránṣọ bá òun gán an. Obìnrin náà fọwọ́ pa á, ó sì dá a padà fún un.

"Èmi ò ní fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹ gbé e lọ bá Ọ̀gá Fèrè. Bí wọ́n bá ní kò dára mọ́, ẹ má wọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kí ẹ tó kun ọkọ̀, ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Níbi tó bá ti wọlé, ẹ pe káfíńtà ọkọ̀. Okùn ìgbòkun tó bá ti ń tú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má tú ẹ̀wù amúniléfòó, ẹ má pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ẹ má gé fèrè rẹ̀, ẹ má sì fi ṣe ìrọ̀rí tàbí tìmùtìmù, torí bí fóòmù inú rẹ̀ bá ti fún pọ̀, kò ní lè gbé yín mọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ wò níbi tí omi kò ti mù yín, lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá le, tó ń tì yín láyà, ẹ fara dà á.

Afínjú ní ó dà bí ẹni pé òun kò wọ nǹkan kan. Òótọ́ ló sọ.