Ehoro Mẹ́fà tí Ṣàfíù Fi Sílẹ̀

Ehoro ni ọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí Tàwàkálítù kọ́kọ́ fojú kàn án. Ọkọ̀ ojú irin láti Kutonu ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ní Savè ni, Tàwàkálítù gbé omi tútù kalẹ̀ fún títà, ló bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ń gbé àgò sọ̀ kalẹ̀. Ehoro funfun mẹ́fà wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọkùnrin náà sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, ìrìn àjò ti parí.

Gbogbo yìnyín inú garawa rẹ̀ ló rà. Kò ra omi.

"Ṣé ibà ń ṣe àwọn ehoro yín ni?"

"Rárá o. Orí wọn ni mo fẹ́ gbé e lé."

Tàwàkálítù wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin náà dára. Àánú ibẹ̀ ni pé orí rẹ̀ kò pé.

Ayé ìjọba ológun ni, ìgbà tí olùkọ́ àti aláta jọ di kàmáràdì, tí wọ́n ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé lọ sìn ní ìgbèríko. Ṣàfíù, ọmọ Àjàṣẹ́, ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Wọ́n ní kó wá lo ọdún kan ní ilé ìwòsàn Savè. Ìwádìí tó fẹ́ fi gbàwé ẹ̀rí ni àwọn ehoro náà. Báyìí ni Tàwàkálítù di ẹni tó ń gbé yìnyín lọ bá a ní àràárọ̀.

"Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú ọpọlọ mọ́, rọpárọsẹ̀ nìyẹn," ó ṣàlàyé fún un. "Ṣùgbọ́n gbogbo ibẹ̀ kọ́ ló ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan wà tó ń jà fún wákàtí díẹ̀. Tí a bá tètè mú orí tutù, bóyá kò ní kú."

"Bí ẹja tí a kó sí yìnyín kó má baà bàjẹ́."

Ṣàfíù wò ó títí. "Tàwà, ojú ìwé méjìlá ni mo fi kọ ohun tí o sọ yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún Tàwàkálítù. Awawou, ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ti lo ọdún méjì pẹ̀lú ọwọ́ òsì tí rọpárọsẹ̀ pa. Ẹnu rẹ̀ ni àìsàn náà kò rí mú rárá. Lọ́jọ́ kan ó ní kí Ṣàfíù gbé yìnyín lé òun náà lórí.

"Tiyín ti pẹ́, ìyá," ni Ṣàfíù wí. "N kò sì tíì mọ̀ bóyá ohun tó ran ehoro lọ́wọ́ á ran ènìyàn. Bí mo bá ní á wò yín sàn, irọ́ ni mo pa."

Oníṣègùn mẹ́ta ti wo Awawou ṣáájú, gbogbo wọn ló ṣèlérí pé á sàn. Ó dun Tàwàkálítù débi pé ó sunkún dé ilé. Ọjọ́ náà gan-an ló sì mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

Bàbá Tàwàkálítù, Lùkúmọ́nù, oníṣòwò ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ni fírígò tí yìnyín náà ti ń jáde, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. "Ọmọ mi kò ní fẹ́ olùtọ́jú ehoro. Ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá so èso, kó wá."

Iṣẹ́ náà sì fẹ́ so. Nọ́ńbà Mẹ́rin, ehoro tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti ìgbà tí Ṣàfíù ti dí ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Inú Ṣàfíù dùn, ó fẹ́ lọ fi kàyé, ìwé tó ń kọ ìwádìí rẹ̀ sí, han ọ̀gá rẹ̀ ní Kutonu. Òrùlé ilé ìwòsàn ń jò, nítorí náà ó gbé àgò lọ sílé Tàwàkálítù. Tàwàkálítù ti lọ ra iṣu létí odò Okpara, Awawou nìkan ló bá. "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi." Ọkọ̀ ti ń fọn fèrè. Kò jókòó, kò mu omi, ó sáré lọ.

Ohun tí ọmọ Àjàṣẹ́ kò mọ̀ ni pé, ní Sakin, abúlé tí wọ́n ti bí Awawou, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó. Ọkùnrin á gbé ẹran ààyè lé àgbà obìnrin lọ́wọ́, kò ní jókòó, kò ní mu omi. Ẹni tó bá jẹ nínú ẹran náà ti gbà.

Nígbà tí Tàwàkálítù fi máa dé, bàbá rẹ̀ ti ń ta eyín. Etí funfun kan wà lẹ́bàá ààrò, wọ́n kọ mẹ́rin sí i.

Ọjọ́ kẹta ni Ṣàfíù padà. Ọ̀gá rẹ̀ ní iṣẹ́ náà dára, kó máa ṣọ́ àwọn ehoro náà fún oṣù mẹ́fà sí i. Awawou ní kó jókòó.

"A ti jẹ ẹran rẹ, ọmọ mi. A ti gbà."

Ṣàfíù wo àgò tó ṣófo. Tàwàkálítù kò lè gbójú sókè. Ó mọ̀ pé bí Ṣàfíù bá dákẹ́ báyìí, òun ti di ìyàwó rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé kò ní dákẹ́.

"Ìyá, n kò ní purọ́ fún yín. N kò gbé wọn wá fún ìtọrọ. Iṣẹ́ mi ni wọ́n." Ó dọ̀bálẹ̀. "Ṣùgbọ́n ká ní mo mọ̀ pé ehoro mẹ́fà tó fi tọrọ Tàwà, ọjọ́ tí mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ni ǹ bá ti gbé wọn wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ yín padà."

"Mo ní ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá so èso," ni Lùkúmọ́nù bẹ̀rẹ̀.

"Ó so nínú ìkòkò mi," ni Awawou dá a lóhùn. "Itan méjì nìwọ nìkan jẹ, àna mi."

Lùkúmọ́nù wolẹ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jiyàn lórí itan méjì. Ó fi ọwọ́ kan àgò náà. "Èmi ló máa ra ehoro mìíràn. Yìnyín sì di ọ̀fẹ́."

"Ṣé inú ń bí yín, Dókítà?" Tàwàkálítù bi í jẹ́jẹ́.

"Nọ́ńbà Mẹ́rin ló ń dùn mí."

"Òun ló dùn jù," ni Awawou wí.

Ṣàfíù ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Awawou fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú ọwọ́ Tàwàkálítù, ó gbé e lé ti Ṣàfíù. Ó sinmi díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n bá òun gbé ọwọ́ òsì òun tó ti kú, kí wọ́n fi lé ọwọ́ àwọn méjèèjì lórí.