Ẹlẹ́rìí Kìíní láti Òkè Àdó

"Ṣé ibí lẹ ti ń kọ ìtàn àwọn èèyàn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì?"

"Ibí ni, Màmá. Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá jókòó."

"Mi ò lè jókòó."

"Ṣé orúnkún ń dùn yín ni?"

"Rárá. Ẹ kọ ọ́ pé mi ò jókòó lọ́sàn-án rí."

"Àwa la kọ ọ́? Ta ni yín, Màmá?"

"Zùwáírátù. Aláró, Òkè Àdó. Ẹ sì kọ ọ́ pé mo ti kú."

Adétutù gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán gangan Ọjọ́bọ̀ ni. Lábẹ́ fèrèsé, Bódìjà ń pariwo bó ṣe máa ń pariwo, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń pe "Àgbowó, Àgbowó, ó ku ẹnì kan!" Gbogbo nǹkan wà létòlétò, àfi ẹyọ kan. Àtẹ̀gùn onírin ni èèyàn ń gùn dé ọ́fíìsì náà, kò sì sí ẹni tó ń gùn ún tí kì í dún gbàn-ùn gbàn-ùn. Adétutù kò gbọ́ ẹsẹ̀ obìnrin yìí.

Ó wò ó dáadáa. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó lo ìborùn funfun, ó gbé báàgì ràfíà kan dání. Aró ti gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́. Ó ń rùn bí eérú tí òjò pa. Bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ lójú ewé àwọn aláró lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́ ni, kò lé, kò dín.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí Adétutù Akíndúró ti ń darí Àká Ìbàdàn, níbi tí èèyàn ti lè fi fóònù ka ìtàn agboolé, oúnjẹ, iṣẹ́ ọwọ́ àti orúkọ àdúgbò. Àkúrẹ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ ìjọba, nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Àtọ̀húnrìnwá tó fẹ́ kọ́ onílé ní orúkọ bàbá rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó bá ṣòfin méjì. Èkíní, gbogbo ojú ewé gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì, kí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èkejì, ohun tí wọ́n bá ti kọ sí Àká kò gbọ́dọ̀ ṣègbé. Bí wọ́n tilẹ̀ pa á rẹ́, yóò ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ àyípadà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ayọ̀bámi Sàlàkọ́ ló jẹ́ kí òfin èkíní ṣeé ṣe. Ọmọ onílẹ̀ ni. Ilé tí wọn kò ní ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún Adétutù, òun a wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, a sì jáde pẹ̀lú ìtàn àti ẹlẹ́rìí. Adétutù mú un bí àbúrò. Kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwọlé tí Adétutù fi ń wọ inú Àká pàápàá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tìtorí ẹlẹ́rìí méjì yẹn náà ni àwọn olórí agboolé mẹ́rin ṣe ń bọ̀ ní Sátidé, láti kó ìwé àtijọ́ àwọn bàbá wọn wá fún Àká. Àtọ̀húnrìnwá kankan kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Adétutù ti ń dúró de ọjọ́ náà.

Ní oṣù tó kọjá, Ayọ̀bámi wọlé tòun ti ojú pípọ́n. Màmá àgbà òun, Zùwáírátù, ẹlẹ́rìí kìíní lórí ojú ewé àwọn aláró, ti jáde láyé. Adétutù bá a sunkún. Ó se odidi ìkòkò ìrẹsì kan ránṣẹ́ sí fídáù ọjọ́ kẹjọ.

"Ayọ̀!" ó pè. "Jọ̀ọ́, wá ná."

Ayọ̀bámi jáde láti yàrá kejì, bọ́ọ̀lì lọ́wọ́. "Àǹtí Tutù, bó bá jẹ́ àga Sátidé ni, mo ti bá wọn sọ ọ́." Ó rí àlejò. "Ẹ káàsán, Màmá."

Ó kí i bí a ṣe ń kí ẹni tí a kò rí rí. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Adétutù.

"O ò mọ̀ wọ́n?"

"Rárá o. Ṣé…" Ojú rẹ̀ balẹ̀ sórí ọwọ́ aláró yẹn. Bọ́ọ̀lì bọ́ sílẹ̀.

"Màmá àgbà rẹ nìyí," Adétutù sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àwọn tí a ṣe fídáù fún."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká jáde síta."

"Sọ ọ́ níbí."

"Mi ò ní màmá àgbà kankan tó ń jẹ́ Zùwáírátù."

"Ta wá ni a ṣe fídáù fún?"

"A ò ṣe fídáù."

"Ìrẹsì mi ńkọ́?"

Ayọ̀bámi wolẹ̀. "Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́kọ́lá la jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Adétutù, àmọ́ kò rí i rín. Láti ìgbà tí ìyá yìí ti dárúkọ, òkú ló rò pé òun ń wò. Èèyàn lè fara da òkú, òkú ní ilé tó ti jáde wá. Èyí kò wà rí.

"Ó sú mi ni, Àǹtí," Ayọ̀bámi ní. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń pààrà Òkè Àdó. Ohun tí aláró kan bá sọ, ìkejì á lóun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà ò sì jẹ́ kí n sinmi: ẹlẹ́rìí dà, ẹlẹ́rìí dà? Mo bá ṣe ẹnì kan fúnra mi. Ìgbà tẹ́ ẹ wá ní ẹ fẹ́ lọ kí i, mo pa á."

"Mélòó?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mélòó lo ṣe, Ayọ̀?"

"Mọ́kàndínlógún."

Ìyá náà ti sún mọ́ wọn. Nígbà tó lanu, Adétutù rí i pé kò sí eyín níbẹ̀, kò sí ahọ́n. Ayọ̀bámi kò kọ ìyẹn.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń kanlẹ̀kùn ní Òkè Àdó," ó ní. "Wọ́n ní ọmọ ta ni mí, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ ò kọ ìyá fún mi. Ẹ ò kọ ọkọ. Ẹ kọ ọmọ ọmọ fún mi, ẹ ò kọ ọmọ. Kí ni mo fi bí ẹni tó bí ọ?"

Ó nawọ́ sí Ayọ̀bámi.

"Ìwọ nìkan ni mo ní. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Àǹtí, ẹ pa ojú ewé yẹn rẹ́!" Ayọ̀bámi bú sẹ́kún. "Ẹ ṣàánú mi."

Adétutù nawọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó sì dúró. Bó bá pa á rẹ́, àwọn àgbà á béèrè ìdí rẹ̀, Sátidé sì ti bọ́ nìyẹn. Ó wo omijé ojú ọmọkùnrin náà. Ẹkún tó sun fún ikú tí kò ṣẹlẹ̀ nìyí, ẹkún kan náà, kò sí ìyàtọ̀. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́.

*Ojú ewé yìí kò sí mọ́*, ni kọ̀ǹpútà wí.

Ìyá náà kò kúrò lórí ìdúró.

"Òfin yín kejì ńkọ́?" ó ní.

Adétutù ṣí àkọsílẹ̀ àyípadà. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. *Obìnrin tí kì í jókòó lọ́sàn-án. Aró tí kì í kúrò lọ́wọ́ ìran wọn.* Ó bojú wẹ̀yìn wo ọwọ́ Ayọ̀bámi. Èékánná rẹ̀ ti di àwọ̀ aró, ó sì ń gòkè lọ sí ìka.

Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí orúkọ òǹkọ̀wé máa ń wà. *Adétutù Akíndúró.* Ó ṣí òmíràn. *Adétutù Akíndúró.* Ó ṣí ìkẹta. Orúkọ kan náà ni.

"Orúkọ mi, Ayọ̀?"

"Bó bá jẹ́ èmi ni mo mú ẹlẹ́rìí wá, tó tún jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́, wọ́n á béèrè," ó ní. "Tiyín, kò sẹ́ni tó máa ń béèrè."

Ìyá náà fi ìka kan tẹ orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà. Àbàwọ́n aró kù síbẹ̀. "Ẹni tó kọ mí nìyí?"

"Èmi kọ́," Adétutù ní. "Ayọ̀, jẹ́rìí sí i. Sọ fún wọn pé ìwọ ni."

Ayọ̀bámi wo ìyá náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Orúkọ Àǹtí ló wà níbẹ̀," ó ní.

Arúgbó náà yíjú sí Adétutù. Òun tí kò lè jókòó, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ pẹ̀sẹ̀, bí ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀. Ó dìde, ó fi báàgì ràfíà lé Ayọ̀bámi lọ́wọ́. Ayọ̀bámi gbà á. Kò dà bí ẹni tó fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ó gbà á, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà láìwẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn irin dún lábẹ́ rẹ̀, gbàn-ùn, gbàn-ùn, títí tí kò fi dún mọ́.

Ìyá náà dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ aláró kan di ìlẹ̀kùn mú.

"Ẹ má tì í, Ìyá mi. Àwọn ọmọ yín méjìdínlógún tó kù ń gòkè bọ̀."