Kóòṣì Orí Fóònù àti Ẹ̀gẹ́ Tí Kò Tíì Gbó

Màmá Keturah fa ẹ̀gẹ́ kan tu, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀.

"Bàbá Hàlímọ̀, omi ló kún inú ẹ̀gẹ́ yìí. Kò tíì gbó."

"Mo mọ̀, Màmá. Iye tí ẹ bá lè rà á bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ dá."

"Kí ló ń lé yín? Ṣé ara ọmọ ò yá ni?"

"Ara ọmọ yá. Mo fẹ́ fi owó ṣe nǹkan ni."

Màmá Keturah wo Ìsmáílà, ó wo Ràhmọ̀t ìyàwó rẹ̀ tó ká ọwọ́ lẹ́yìn dúró lẹ́bàá ebè. Obìnrin tó ti pẹ́ nídìí ríra ẹ̀gẹ́ lóko káàkiri Ìbàràpá mọ ojú ẹni tí nǹkan ń lé. Ó dá iye tí kò tó ìdajì ohun tí oko náà máa mú wá tó bá dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ìsmáílà ní òun gbà. Màmá Keturah ní tí ọjà ìlú Tápà bá ti kọjá, òun á kó àwọn tó máa tu ú wá.

Ìgbà tó lọ tán ni Ràhmọ̀t tó la ẹnu.

"Bàbá Hàlímọ̀, ẹ̀gẹ́ tí mo fẹ́ fi yan gààrí lẹ tà yẹn o."

"Màá dá a padà ní ìlọ́po ìlọ́po."

"Láti ibo? Láti inú kí ẹ máa fi irin lé ẹyin funfun kiri pápá?"

Ìsmáílà mú ọkọ́, ó padà sídìí ebè. Kí ló fẹ́ sọ? Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ohun tí èèyàn lè kó síwájú ìyàwó bí ẹni kó iṣu.

Nígbà tó ṣì kéré, Ìbàdàn ló wà. Kádì ló ń ṣe ní pápá gọ́ọ̀fù, ìyẹn ni pé òun ló ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn olówó tó ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré náà. Láàárọ̀, kí àwọn ọ̀gá tó dé, àwọn kádì á gbá tiwọn. Ibẹ̀ ló ti mọ ìró náà, ìró tí bọ́ọ̀lù máa ń ṣe tí ọ̀pá bá bà á dáadáa. Kò le, kò sì rọ̀. Bọ́ọ̀lù á gbéra, á ga títí ojú ò fi ní rí i mọ́, ọkàn ẹni á sì bá a lọ.

Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọ lu bàbá rẹ̀, Ìsmáílà sì padà wálé sí Igbó-Ọrà láti di oko mú. Bàbá kú. Ó gbéyàwó, ó bímọ. Ẹnikẹ́ni ò lé e kúrò ní Ìbàdàn, ẹnikẹ́ni ò sì pè é padà. Ọ̀pá kan ló mú bọ̀, èyí tí ọ̀gá kan fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń bọ̀ wálé.

Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, á gbé ọ̀pá náà lọ sí pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ á dúró máa wò ó. Àwọn ọlọ́kadà á máa kígbe lójú títì pé, "Ọ̀gá òyìnbó, ṣé ejò lẹ̀ ń pa ni?" Á rẹ́rìn-ín, á tún gbá a. Ṣùgbọ́n ìró yẹn ò wá mọ́. Bọ́ọ̀lù á fò kúkúrú, á yà bàrá sínú igbó. Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ọdún dé ọdún, bíi kí èèyàn máa pe orúkọ ẹni tí kò sí nílé.

Àsìkò yẹn ló rí Kóòṣì Dámọ́ńdì, olùkọ́ gọ́ọ̀fù kan, lórí fóònù. Ọkùnrin náà máa ń dúró ti mọ́tò ńlá, á wọ dígí dúdú, àwọn tó ń tẹ̀ lé e ò lóǹkà. Ó ní ẹni tó bá fi fídíò bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, òun á yẹ ti àkọ́kọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìsmáílà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Èsì dé, ohùn ni:

"Arákùnrin mi, mo wo fídíò rẹ, omijé bọ́ lójú mi. Ẹ̀bùn àtọ̀runwá wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ. Kìnnìún ni ọ́, inú àgò adìyẹ ni ayé tì ọ́ mọ́. Wọ kíláàsì Dámọ́ńdì mi, láìpẹ́ wàá máa gbá fún owó ní Dúbáì. Yára o, ilẹ̀kùn ti fẹ́ tì!"

Owó kíláàsì yẹn ló ń mú un ta ẹ̀gẹ́. Ó gbọ́ ohùn náà lóko, ó gbọ́ ọ nílé, títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé ó ní ohunkóhun lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ọkọ́.

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí dùn jù," ni Ràhmọ̀t wí. "Ó dà bí oyin tí wọ́n tún da ṣúgà sí. Ẹ bi ẹni tó mọ̀ kí Màmá Keturah tó padà wá. Ṣebí obìnrin yẹn, Olúwayẹ́misí tí ẹ jọ ṣe kádì, ti di olùkọ́ gọ́ọ̀fù n'Íbàdàn? Wọ́n ní ó wá kí ìyá ẹ̀ ní Èrúwà."

"Ojú ń tì mí."

"Kí ló ń tì yín lójú?"

"Òun dúró, èmi kúrò."

Ràhmọ̀t wé gèlè rẹ̀. "Ẹ dìde, ẹ mú ọ̀pá yín. Èmi náà ń bá yín lọ."

Nígbà tí wọ́n dé Èrúwà, Olúwayẹ́misí àti ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ igi máńgòrò. Ó sọ ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìsmá! Ṣé ìwọ nìyí? Ìwọ tí o máa ń gbàgbé ọ̀pá ọ̀gá sínú igbó!"

"Má bú mi lójú ìyàwó mi o."

"Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ ò tíì gbọ́ ìdajì."

Ìsmáílà sọ ohun tó gbé e wá. Olúwayẹ́misí ò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó mú wọn lọ sí ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé, ó ní kó gbá a kí òun wò.

Ìsmáílà gbá a. Bọ́ọ̀lù yà bàrá.

"Tún un gbá."

Lọ́tẹ̀ yìí Olúwayẹ́misí ò wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹsẹ̀ Ìsmáílà ló ń wò.

"Ìsmá, àdá lo fi ń ṣánko, àbí?"

"Kí lẹ̀yin ará Ìbàdàn fi ń ṣán tiyín?"

Olúwayẹ́misí rẹ́rìn-ín. "Àdá lo mú dání yẹn, kì í ṣe ọ̀pá gọ́ọ̀fù. Ẹni tó ń ṣánko, tí àdá bá ti ba koríko, á dá ọwọ́ dúró kó má baà ṣá ara ẹ̀ lójúgun. Tí ọ̀pá ẹ bá ti dé ìdí bọ́ọ̀lù, ìwọ náà dá ọwọ́ dúró, o tún fa ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn. Ojúgun ẹ lò ń dáàbò bò. Ọ̀pá ò mú bí àdá. Jẹ́ kó kọjá lọ, kó yí dé èjìká ẹ."

Ìsmáílà gbìyànjú ẹ̀. Kò rọrùn, torí ara tó ti ń sá fún àdá láti ọjọ́ yìí ò fẹ́ gbà. Ó gbá ilẹ̀. Ó gbá afẹ́fẹ́. Ó tún gbá ilẹ̀, ìyá Olúwayẹ́misí sì kígbe láti abẹ́ máńgòrò pé, "Ẹ rọra o, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ń sùn!"

Lẹ́yìn náà ni ìró yẹn wá.

Bọ́ọ̀lù gbéra, ó kọjá lókè ọ̀pẹ, ó sì wọ inú ọ̀run lọ. Ìsmáílà di ọ̀pá mú ní èjìká, níbi tí ọ̀pá yí dé, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohun tí kò rí mọ́.

"Ṣùgbọ́n Kóòṣì Dámọ́ńdì wo fídíò mi," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ó ní ọrùn ọwọ́ mi..."

"Ó wò ó, kò sì rí i pé koríko lò ń ṣán?"

Ràhmọ̀t kúnlẹ̀. "Bàbá Hàlímọ̀, ẹ má bínú. Èmi náà fi fídíò ránṣẹ́ sí i láti dán an wò."

Fídíò Bàbá Búrẹ́mọ̀ ni, bàbá arúgbó tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Bàbá ń ṣánko nínú fídíò náà, ó wọ ṣòkòtò tó ti ya lórúnkún, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbangba. Ràhmọ̀t tẹ èsì tí kóòṣì fi ránṣẹ́, ohùn náà sì jáde: omijé bọ́ lójú mi, ẹ̀bùn àtọ̀runwá, ọrùn ọwọ́, kìnnìún, àgò adìyẹ. Kò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan.

Olúwayẹ́misí rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Ha! Bàbá Búrẹ́mọ̀ ń lọ Dúbáì!"

Ìsmáílà ò rẹ́rìn-ín. "Ó ní omijé bọ́ lójú òun," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Olúwayẹ́misí fi dá ẹ̀rín dúró.

Nígbà tó yá, Ìsmáílà bi í léèrè. "Ṣé bí gbogbo olùkọ́ orí fóònù ṣe rí nìyẹn?"

"Rárá. Àwọn kan wà tó mọṣẹ́. Èmi gan-an ń wo fídíò wọn. Bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú, bí wọ́n ṣe ń dúró, o lè rí ìyẹn kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì burú. Àwọn mìíràn máa ń wo fídíò ẹ lóòótọ́, wọ́n á sọ ibi tó kù sí fún ẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń béèrè owó ńlá, ojú lò ń rà yẹn o, Ìsmá. Ẹni tó ń ra ojú, kó rí i dájú pé ojú náà ń ríran."

"Ṣé mo ṣì lè di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun?"

Obìnrin náà wò ó lójú.

"Rárá. Èmi ò ní parọ́ fún ẹ. Àwọn tó ń fi í jẹun, láti kékeré ni wọ́n ti wà lórí pápá lójoojúmọ́. Èmi pàápàá ò lè bá wọn dù ú, kíkọ́ ni mo ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n o lè gbá a kó dáa, kó sì dùn mọ́ ẹ. Tí mo bá wá kí Màmá, máa bọ̀. Tó o bá wá s'Íbàdàn, àwọn kádì tó mọ̀ ọ́n gbá wà ńbẹ̀, iye tí apá ẹ ká ni wọ́n máa gbà láti kọ́ ẹ."

Ìsmáílà dúpẹ́. Kí wọ́n tó gun ọ̀kadà, ó pe Màmá Keturah pé kó má wá mọ́, wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ gbó.

"Mo ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀!" ni obìnrin náà pariwo. "Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà, ọ̀rọ̀ ẹnu yín náà ń bí ìbejì! Ẹ sọ Táyé tán, ẹ tún mú Kẹ́hìndé jáde!"

Nígbà tí wọ́n délé, ohùn Kóòṣì Dámọ́ńdì tún ti wọlé pé ilẹ̀kùn ti ń tì. Ìsmáílà gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ohùn àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má bú u. Ohùn tó yìn wá ṣòro láti pa, kódà tí a bá mọ̀ pé irọ́ ni. Lẹ́yìn náà ló pa á rẹ́.

"Ìyá Hàlímọ̀, ó dùn mí."

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe ti owó o."

"Mo mọ̀, Bàbá Hàlímọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó lè máà jẹ́ gọ́ọ̀fù ni tiyín. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, orin, aṣọ rírán tàbí òwò orí fóònù. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ọkàn èèyàn máa fà sí nǹkan. Àmọ́ àwọn kan ń fi ọkàn tó ń fà yẹn ṣọjà, òun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Kí ẹ tó san owó ńlá fún olùkọ́ orí fóònù, ẹ kọ́kọ́ gba èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì lò ó dáadáa. Ẹ béèrè àwọn tó ti kọ́, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ wádìí bóyá ó máa dá owó padà tí kò bá ṣe ohun tó sọ. Tó bá yìn yín tí kò lè tọ́ka sí àṣìṣe yín kan, kò tíì wò yín. Tó bá ń sọ pé ilẹ̀kùn ń tì, ẹ jẹ́ kó tì. Ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́ nítòsí, kódà tí ojú bá ń tì yín láti lọ bá a. Ẹ má sì ta ohun tí ilé ń jẹ nítorí ọ̀rọ̀ dídùn, torí ọ̀rọ̀ dídùn ò ṣeé yan ní gààrí.

Ẹni tó bá máa gba owó kó tó kọ́ yín, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rí yín.