Adéríbigbé Ní Ẹ̀yìn Kò Dun Òun

Àwọn kan wà tí irọ́ wọn máa ń sú ni. Ọ̀kan ni Adéríbigbé tó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìjẹ̀gùn. Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò jẹ́wọ́. Paraga ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí Ìyábọ̀dé, ìyàwó rẹ̀, gbé róòbù wá láti fi ra á lẹ́yìn, ó gbá a létí. Kódà, kì í dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó rẹ̀ mọ́, torí ó mọ̀ pé òun ò ní lè dìde. Wọ́n ń pè é ní agbéraga. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn ju kí wọ́n mọ òótọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan, àwọn oníwádìí wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ìgàndó. Wọ́n fẹ́ mọ bí iṣan ẹ̀yìn ṣe ń tètè rẹ̀ sí lára àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn àti àwọn tí ara wọn le. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn yóò gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Jésùtóbi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mú Adéríbigbé lọ. Ẹ̀yìn ń dun Jésùtóbi náà, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Adéríbigbé wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó kọ tirẹ̀ sí ti àwọn tí ara wọn le.

Wọ́n ní kó dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn gíga kan. Wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n lẹ wáyà ẹ̀rọ tó ń yẹ iṣan wò mọ́ ọn lẹ́yìn. Láti ìbàdí sókè, kò sí ohun tó gbé e ró. Kó sáà na ara gbọọrọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ìyá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ìṣẹ́jú méjì. Adéríbigbé kò lo ìṣẹ́jú kan tí orí rẹ̀ fi já wálẹ̀.

"Ibùsùn yín ló wọ́! Ẹ jẹ́ n tún un ṣe jàre."

Ó tún un ṣe, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Inú bí Olúwaṣìkẹ́mi, obìnrin tó ń wo aago. "Bọ̀dá, ẹ̀rọ yìí ti rí i pé iṣan yín ń rẹ̀. Ara tó le la fi ń díwọ̀n èyí tó ń dùn. Tí ẹ bá purọ́, kí la fẹ́ fi díwọ̀n? Ìtọ́jú náà ò sì ní kàn yín."

Adéríbigbé fẹ́ fi ìbínú dìde, ẹ̀yìn rẹ̀ gan pa. Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, ọkùnrin bí ọkùnrin.

Jésùtóbi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti sú mi. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe fún ẹ̀yìn yín náà lẹ ń ṣe fún ọkàn yín. Mo ní kẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ Jésù, ẹ ní ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìyàwó tẹ́ ẹ gbá létí ńkọ́? Paraga ńkọ́, àbí omi ni? Àwọn tó gbà pé ara wọn ò dá ni Jésù wá fún."

Adéríbigbé nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí Olúwaṣìkẹ́mi. "Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ó ti pẹ́. Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dùn ún díẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó ń gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ó ti fi paraga sílẹ̀, ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyábọ̀dé. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀. Èèyàn méjì ló gbé e dìde, kò sì tijú.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? O ní kò sí ohun tó ṣe ọ́. Ta lo ń tàn? Ọlọ́run ti mọ ibi tó ń dùn ọ́. Pa orúkọ rẹ rẹ́ níbi tí irọ́ kọ ọ́ sí. Dojú bolẹ̀ níbi tí o wà yìí, sọ fún Jésù pé ọkàn rẹ ò dá. Ìwé àwọn tó ń wá ìtọ́jú Rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ lónìí. Mi ò mọ ti ọ̀la.