Orin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Tíì Kọ Tán

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lákòókò ìsinmi, ọmọkùnrin kíláàsì wa kan tí a ń pè ní Sátẹ́láìtì gba ipò mi lójú gbogbo kíláàsì. Ó jókòó sórí tábìlì olùkọ́, ó gbé fóònù sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ, orin tuntun kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì gbọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n ya bò ó. Àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti máa ń rìn tẹ́lẹ̀, wọ́n fò mí dá bí ẹni fo gọ́tà. Ọmọkùnrin náà wò mí láti òkè, ó ní, "Rédíò, bátìrì rẹ ti kú o. Lọ wá òmíràn."

Èmi ni Rédíò. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orin kì í jáde kí ó má kọ́kọ́ gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹgbẹ́ tí mo dá sílẹ̀ lórí fóònù ní ènìyàn tó lé ní igba, ọ̀fẹ́ ni mo sì ń pín orin fún gbogbo wọn. Bí ẹnì kan bá ní olè ni mò ń jà, mo ti ní èsì nílẹ̀: orin dà bí afẹ́fẹ́, ta ló ń tọrọ àyè kó tó mí? Àti pé àwọn olórin tí à ń wí yìí, mọ́tò wọn pọ̀ ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Wọn á rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sì ti rẹ́rìn-ín tán kì í ronú mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀gàn Sátẹ́láìtì ni mo gbé délé lọ́jọ́ náà. Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Aránṣọ ni wọ́n. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì gígùn kan, àti òkìtì aṣọ tí wọ́n ti gé ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì rán. Má-Tún-Wọ̀n ni àwọn oníbàárà ń pè wọ́n, nítorí pé bí wọ́n bá ti wọn ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, ó parí, aṣọ á bá ẹni náà mu bí awọ ara rẹ̀. Lẹ́nu oṣù mélòó kan sí ìgbà yẹn, ìyá mi máa ń kán oògùn sí wọn lójú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyá mi ní ọjọ́ orí ni, gíláàsì tuntun ni yóò yanjú rẹ̀. N kò béèrè mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kun ilé ní ọ̀dà láti ọjọ́ Ajé títí di Jímọ̀. Bó bá di Sátidé, ó di olórin. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni ó ti ń gba ohùn orin rẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹnjiníà. Ó ti ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Olórin á kọ́kọ́ kọ ohùn afọ̀nàhàn. Ẹnjiníà á ní kí ó máa kọ ohunkóhun tó bá wá sí i lẹ́nu, ìbáà ṣe orúkọ àwọn ewúrẹ́ àdúgbò, nítorí pé bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò nìkan ni wọ́n fẹ́ mú. Tó bá yá, wọn á pa ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn rẹ́, wọn á wá fi ọ̀rọ̀ orin gan-an rọ́pò. Ó ní òun ti gba ohùn afọ̀nàhàn tòun wá sílé láti máa fi wá ọ̀rọ̀ sí i. Ó tún sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ fún mi. N kò lè purọ́ pé n kò gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dà funfun kún irun rẹ̀ bí ẹni tó ti di àgbà. Ó ju fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní kí n bá òun fi iná sí i, ó sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi rí. Mo fi iná sí fóònù. Ọwọ́ mi kò kúrò lára rẹ̀.

Mo rí orin náà. Mo tẹ̀ ẹ́. Gìtá kan bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi wọlé, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń hùn lásán, ṣùgbọ́n orí mi wú. Ẹsẹ kìíní kò ní ju orúkọ òṣùpá àti òjò lọ. Ibi tí mo gbọ́ ọ dé nìyẹn, nítorí pé omi dákẹ́ nínú ilé ìwẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni mo ní. Bí mo bá lo ìṣẹ́jú náà láti gbọ́ orin tán, n kò ní ráyè fi ránṣẹ́. Bí mo bá sì fi ránṣẹ́, n kò ní ráyè gbọ́. Mo fi ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyí, ẹ kò lè rí i níbòmíràn, mo sì béèrè lọ́wọ́ Sátẹ́láìtì bóyá bátìrì ta ló kú.

Ìyìn ni mo fi ṣe oúnjẹ lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. N kò tẹ orin náà mọ́. Kí ni mo tún ń gbọ́ ọ fún nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ ọ fún mi? Mo tilẹ̀ ti pinnu bí n óò ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n mi: bí orin bá ti gba ìgboro tán, n óò ní, "Bùrọ̀dá, èmi ni mo sọ yín di gbajúmọ̀," òun náà á sì dúpẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo bá ìyàwó ọ̀nà kan àti ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n wá yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin náà ní inú òun dùn láti mọ ilé olórin, ó ní orin ọmọ wọn ni gbogbo ọ̀rẹ́ òun ń fi ránṣẹ́ síra wọn láti ìjẹta. Bàbá mi kò mọ ohun tó ń wí. Ó bá tẹ fóònù rẹ̀.

Bàbá mi gbọ́ ohùn ọmọ wọn, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Wọ́n pe ìyá mi láti inú ilé kí wọ́n wá gbọ́. Ẹ̀rín tó wà lójú wọn, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Èmi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó se àsè. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ kejì bẹ̀rẹ̀.

"Ojú bàbá mi ń pa dé bí ilẹ̀kùn,
Dókítà ní kí ọdún tó yí, yóò ti tì.
A ń kán oògùn, a ní ọjọ́ orí ni,
Ìyá mi ń sunkún sínú omi ìwẹ̀.
Ta ni yóò sọ fún Má-Tún-Wọ̀n?"

Ìyàwó ọ̀nà sáré fẹ́ pa á. Ibi tí kò yẹ ni ó tẹ̀, orin sì padà sẹ́yìn, ó tún ìlà tó gbẹ̀yìn kọ. Ta ni yóò sọ fún Má-Tún-Wọ̀n? Ìyá mi jókòó sórí òkìtì aṣọ tí wọ́n ti gé, àwọn tó jẹ́ pé bí ọmọdé bá fi ìka kan aṣọ yẹn, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́ ohùn wọn.

Bàbá mi yọ gíláàsì ojú wọn. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn, wọ́n ń mú un bọ̀ wá síwájú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ọwọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú kí ó tó dúró.

"Ìyá ọmọ mi," wọ́n ní, "ṣé òótọ́ ni?"

Ìyá mi fa etí aṣọ tí wọ́n jókòó lé, wọ́n fi bo ojú. Èsì nìyẹn.

Bàbá mi wá yíjú sí ìyàwó ọ̀nà, wọ́n ní kí ó má bínú, kí ó dìde kí àwọn wo ìbàdí aṣọ náà. Wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún un wọ̀n. Wọ́n tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo wa dúró, à ń wò wọ́n.

Ìyá ìyàwó náà ló kọ́kọ́ padà wá ní ọjọ́ kejì. Ó bọ̀wọ̀, ó ní ọjọ́ ìgbéyàwó ti sún mọ́lé, àwọn rí aránṣọ mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òkìtì aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù ti di ilẹ̀ lásán. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àbùkù. Wọ́n kàn ń kó aṣọ wọn.

Mo pa orin náà rẹ́ nínú ẹgbẹ́ mi, bí ìgbà tí ènìyàn ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí màlúù ti jáde tán. Mo bẹ gbogbo kíláàsì. Sátẹ́láìtì gbọ́ mi tán, ó ní, "Ọ̀fẹ́ lo fún wa. Ta ló ń gba afẹ́fẹ́ padà?" Ẹnu mi ni ó ti kó ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ ti fi ìlù ijó sí orin náà. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, àwọn ọmọ kéékèèké kan ń fo okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, orin tí wọ́n fi ń ka ìfò ni, "Ta ni yóò sọ fún Má-Tún-Wọ̀n?" Inú wọn ń dùn. Mo sáré kọjá bí ẹni tí wọ́n sọ lókò. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Àwọn àgbà kò sọ ọ́ fún ọ̀ṣọ́.

Lórí àkàbà, níbi tó ti ń kun ilé, ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ orin ara rẹ̀ lórí fóònù bíríkìlà kan. Ó wálé pẹ̀lú ọ̀dà tútù lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó béèrè bóyá èmi ni, mo sì ní èmi ni.

"Mo sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yẹn nítorí pé mi ò rí ẹnu sọ ọ́ nílé," ó ní. "Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè sọ ọ́. Ìwọ wá gbé ẹnu mi fún ìgboro."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹnjiníà ní tòun, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní àwọn olórin tó kù ti ń rò pé òun ni òun tú àṣírí, nítorí náà kí ó wá sítúdíò mìíràn lọ.

Bàbá mi fúnra wọn lọ bá dókítà. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n pe gbogbo wa jọ. Wọ́n sọ fún ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ sọ mí di ọmọdé nínú ilé mi." Ìyá mi bẹ̀bẹ̀ pé ojoojúmọ́ ni àwọn ń wí pé ọ̀la ni àwọn yóò sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi kọjú sí mi.

"Wọ́n ṣẹ̀ mí," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ti ṣẹ̀ mí. Ìwọ jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú mi lẹ́nu oníbàárà."

Mo dojú bolẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi pè mí sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ní ohun kan ń dun àwọn. Ọmọ àwọn kọ orin nípa àwọn, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ dé òpin, àwọn nìkan ló jẹ́ pé ẹsẹ kejì ni àwọn gbọ́ ọ dé. Wọ́n ní kí n tẹ ìyókù fún àwọn. Ìka kan péré ni. Kò sí fóònù tí n kò ti lè rí orin náà lọ́jọ́ yẹn. Ta ni yóò sì bá mi wí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ gan-an ló ń tọrọ rẹ̀?

Mo gbé fóònù. Mo tún gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," mo ní. "Orin yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi ẹni tó ni ín."

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà nínú kẹrosíìnì. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ bàbá mi fún un, mo sì sọ pé n kò ní tẹ̀ ẹ́ bí kò bá fẹ́. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì kan tán, ó mú òmíràn.

"Kò tíì tán," ó ní. "Sọ fún wọn pé bí mo bá kọ ọ́ tán, èmi fúnra mi ni n óò wá kọ ọ́ fún wọn."

Mo padà lọ sọ fún bàbá mi pé ó ní rárá, kò tíì tán. Mo ń retí ìbínú. Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ó dáa. A ó dúró dè é." A sì jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò sí aṣọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́ yín lójú bí mo ṣe fi bò ó. Ẹni tó kọ orin ló ni ín. Òun ló ni ọjọ́ tí yóò jáde, òun ló ni ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun náà ló sì lè ní kò ní jáde rárá. Bí ẹ kò bá tíì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má pín in, ìbáà ṣe ọ̀fẹ́. Gbogbo orin tí mo ti pín rí, n kò ro ẹni tó ni ín sí ènìyàn, àfi ìgbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo olórin ni ẹ̀gbọ́n ẹnì kan. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ohun tí kì í ṣe tiwa. Ẹnì kan ló ń san án. Nílé tiwa, bàbá mi ló san án.