Ọ̀rọ̀ Tó Gbé Mì

"Ta nìyẹn?"

Ọmọbìnrin náà kò dáhùn. Ó gbé àwo oúnjẹ sórí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi ṣíbí síbi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ yóò ti tètè bà á, ó sì yí padà.

"Áà, ìwọ ni," ni bàbá wí. "Àwọn tó kù máa ń sọ̀rọ̀."

Bó ṣe ń rí nìyẹn láti ìgbà tí bàbá ti padà wálé. Wẹ́dà ni, ó máa ń jó irin pọ̀ ṣe géètì àti fèrèsé. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀, ó bá obìnrin mìíràn lọ sí ìlú mìíràn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà ṣì kéré lọ́jọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ló ti ń dúró dè é, títí àwọn tíṣà fi lọ sílé tán. Iná irin tí bàbá ń wò láìbo ojú ló ba ojú náà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí òkùnkùn bò ó, tí obìnrin yẹn ní òun kò lè máa fa afọ́jú kiri, ló tó rántí ọ̀nà ilé. Ìyá ṣílẹ̀kùn fún un. "A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ohun yòówù kó ṣe, bàbá rẹ ni."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tí ì jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Òun ló ń ṣáájú àdúrà ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Bó bá gbàdúrà dé ibi ìdáríjì, àwọn àgbàlagbà pàápàá á máa nu ojú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Àdúrà, tó o bá dé ọ̀run, jọ̀ọ́ bá wa gba àyè sílẹ̀ o." Á rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì dùn, nítorí ó dá a lójú pé tirẹ̀ ti wà ńbẹ̀ ná.

Kí lèèyàn sì lè rí wí sí i? Ilé alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òun ọmọ ló ń po omi ìwẹ̀ fún bàbá, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, òun ló ń fún un lóògùn. "Irú ọmọ yìí ṣọ̀wọ́n," ni gbogbo àdúgbò ń wí. Ohun kan ṣoṣo ni kì í fún bàbá rẹ̀: kì í bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò lójú mọ́ ńkọ́? Ohùn èèyàn nìkan ló kù tó fi ń mọ̀ pé òun kò dá wà, ohùn ọ̀hún gan-an sì ni ọmọ rẹ̀ fi ń dù ú. Ọmọ náà mọ̀ pé ó ń dùn ún. Ó ti rí i tó ń yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ń wá ẹni tó wọlé, ó sì ti dúró wò ó, ó sì ti gbádùn rẹ̀. Kò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣebí òun kò bú u, òun kò sì fi ebi pa á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní àkànṣe àdúrà láàárọ̀, Ìyá Àdúrà ni yóò sì ṣáájú. Ó ti pẹ́. Ó fi ìkánjú gbé ìkòkò omi kúrò lórí iná bó ṣe ń hó, ó gbé e wọ yàrá bàbá kó lè pò ó mọ́ omi tútù. Ilẹ̀ ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló sábà máa ń gbé e sí, ṣùgbọ́n bọ́kẹ́ẹ̀tì òfìfo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bá gbé ìkòkò lé orí àpótí.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "màmá rẹ ní ìwọ lo máa ṣáájú àdúrà lónìí. Ó dùn mọ́ mi nínú o."

Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. Ẹnu wo ló fi ń sọ pé ó dùn mọ́ òun? Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè lọ pọn omi tútù. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan wá sí i lẹ́nu: "Ẹ ṣọ́ra o, omi gbígbóná wà lórí àpótí." Ó dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ó gbé e mì. "Ṣebí mo ń padà bọ̀ kíá," ló sọ nínú ara rẹ̀, ó sì jáde.

Kò tí ì dé ìdí ẹ̀rọ omi tó fi gbọ́ igbe.

Ìkòkò omi náà ti dà lé bàbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà sì bó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ń di egbò náà bèèrè pé, "Ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín pé omi gbígbóná wà níbẹ̀ ni?"

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

"Ó sọ fún mi," ni bàbá dáhùn. "Èmi ni mo gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ mi wí."

Nọ́ọ̀sì bá rọra fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká pé, "Má sunkún mọ́, ọmọ dáadáa." Ẹ̀yìn náà ló ṣàlàyé fún ìyá pé àwọn ìka kan kò ní í nà mọ́, ọwọ́ náà kò sì ní í mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Ìyá ká ọwọ́ lérí. "Ọwọ́ yìí ló kù tó fi ń ríran!" ló ń sọ ṣáá.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n fẹ́ jẹ oúnjẹ Olúwa, olùṣọ́-àgùntàn pe ọmọ náà síwájú. "Ẹ wo ọmọ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀," ló wí, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Ó padà síbi ìjókòó rẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn tún sọ pé, "Kí a tó jẹ, kí olúkúlùkù yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò. Ẹ má yẹ ti ẹni tó jókòó tì yín wò o."

Ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà dídùn tó mọ̀ ọ́n gbà. Kò lọ jìnnà. Ó ní ìkánjú ló fà á. Ọkàn rẹ̀ ní irọ́ ni. Ó ní òun gbàgbé ni. Ọkàn rẹ̀ ní, o kò gbàgbé, o rántí, o sì dákẹ́. Ìgbà náà ló rí i pé kì í ṣe Sátidé yẹn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ìkórìíra ló ti ń bù fún bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́, tó ń gbé e fún un pẹ̀lú oúnjẹ, tó sì ń pè é ní ìtọ́jú. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á gan-an. Nígbà tí àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó kàn án, kò mú nínú rẹ̀.

"Ìyá Àdúrà, kí ló dé?" ni obìnrin ọ̀hún rọra bèèrè.

Ó dìde, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

"Ta nìyẹn?" ni bàbá bèèrè.

"Èmi ni, bàbá mi." Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Mo rántí omi yẹn. Ó wá sí mi lẹ́nu kí n sọ fún yín, mi ò sọ. Ẹ dárí jì mí."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́ fún wọn nítorí mi?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́ sí ọ. Láti kékeré rẹ ni mo ti dákẹ́ sí ọ. Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi. Ìwọ náà, tó o bá lè ṣe é, dárí jì mí." Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́ tó o dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Mo rò pé o fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi na ọwọ́ sí ọ."

Ọmọ náà ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá kò lè wo ojú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún olùṣọ́-àgùntàn, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn ṣáájú àdúrà. Ní báyìí, òun ló ń fi oúnjẹ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ á fi tán. Ojoojúmọ́ ló ń rí ọwọ́ náà.

Ènìyàn ń wo ojú, Ọlọ́run ń wo ọkàn. Ìjẹ́wọ́ wo ọkàn ọmọ náà sàn, kò wo ọwọ́ bàbá rẹ̀ sàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní Kristẹni tètè máa yẹ inú ara rẹ̀ wò, nígbà tí ìbínú ṣì wà nínú ọkàn, kó tó di egbò lára ẹlòmíràn.